Ìrírí mi lórí ẹjọ́ ìbanilórúkọjẹ́: ta ló yẹ kó dá ẹjọ́ orúkọ?

Ẹnu ọlọ́pàá ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé mo ba ẹnìkan lórúkọ jẹ́. Ẹni náà fúnra rẹ̀ kò pè mí, kò sì rán ẹnikẹ́ni sí mi. Bẹ́ẹ̀, àdúgbò kan náà la jọ ń gbé ní Ìlọrin, ìpàdé ẹgbẹ́ onílé kan náà la jọ ń jókòó sí. Òun ni alága, èmi náà sì wà lára àwọn ìyá àdúgbò tí kì í pa ìpàdé jẹ. Gbólóhùn méjì péré ni mo kọ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ wa. Mo ní kí alága wá ṣírò owó tí a dá fún tiransifọ́mà fún wa. Mo tún fi kún un pé ẹni tí owó ọ̀pọ̀ èèyàn bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò lè ṣírò rẹ̀, orúkọ kan náà ni wọ́n ń pè é ní ìlú gbogbo. Gbólóhùn kejì yẹn ló gbé mi dé àgọ́ ọlọ́pàá, òun náà ló gbé mi dúró níwájú májísíréètì.

Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò sì ní dárúkọ àgọ́ ọlọ́pàá tàbí kọ́ọ̀tù tí ọ̀rọ̀ náà dé. Òfin tó fàyè gba ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ń dùn mí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn mí, mo ti ka òfin, mo ti bi àwọn lọ́yà léèrè, mo ti jókòó ní kọ́ọ̀tù gbọ́ ẹjọ́ ẹlòmíràn. Mo ní ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa ní Kwara gbọ́, mo sì fẹ́ kí ará ilé gbọ́ ọ pẹ̀lú.

Ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ náà kò rí mi fín rárá. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó," ló wí. "Wọ́n ti kọ̀wé ẹ̀sùn yín wá, a ò sì lè máa wò ó bẹ́ẹ̀." Ó ní kí n kọ sítátímẹ́ǹtì, ó gba fóònù mi, ó ní kí n wá onídùúró tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Ọmọ àbúrò mi ló wá dúró fún mi. Ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì títí ilẹ̀ fi ṣú. Kí a tó jáde, wọ́n ti sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ náà ń lọ sí kọ́ọ̀tù.

Mo bi ọlọ́pàá náà pé, "Ọmọ mi, ta ló ń sanwó fún ẹni tí yóò rojọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀?" Ó ní ìjọba ni. Mo ní ta ló máa sanwó fún ẹni tí yóò bá mi rò ó. Ó ní èmi fúnra mi ni.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ibi tí òfin yìí ti wọ́. Bí alága bá fẹ́ pè mí lẹ́jọ́ ní kọ́ọ̀tù gíga, ẹjọ́ ẹni sí ẹni, òun ni yóò wá lọ́yà, òun ni yóò sanwó ìwé, òun ni yóò sì kó ẹ̀rí wá pé èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ náà, pé òun ni mo ń bá wí, pé ẹlòmíràn sì gbọ́ ọ. Tó bá pàdánù, adájọ́ lè ní kó dá mi lówó tí mo ná padà. Ṣùgbọ́n tó bá gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá lọ, bóyá ni yóò ná ju owó ọkọ̀ lọ. Ọlọ́pàá ni yóò bá a pè mí, agbẹjọ́rò ìjọba ni yóò bá a rojọ́, èmi ni ẹ̀wọ̀n yóò sì máa wò lójú. Ẹni tó bá ní ọ̀nà méjì báyìí, tó sì lówó díẹ̀ tàbí tó mọ èèyàn díẹ̀, èwo ni ẹ rò pé yóò gbà?

Òfin tí wọ́n fi mú mi ni Penal Code, ìwé òfin ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Àríwá ní 1960. Ó kàn wá ní Kwara nítorí pé ara ẹkùn Àríwá ni wọ́n ti gé ìpínlẹ̀ wa yọ ní 1967. Abala 391 ló ṣàlàyé ohun tí ìbanilórúkọjẹ́ jẹ́, abala 392 ló sọ ìyà rẹ̀: ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 2, tàbí owó ìtanràn, tàbí méjèèjì pa pọ̀. Mo gbọ́dọ̀ sọ ti ẹ̀tọ́ rẹ̀ náà. Abala 391 kan náà to àwọn ohun tí a kò lè kà sí ìbanilórúkọjẹ́. Òótọ́ tí èèyàn sọ fún ire gbogbo ará ìlú wà níbẹ̀, èrò tí èèyàn fi ọkàn rere sọ lórí ọ̀rọ̀ tó kan gbogbo ènìyàn náà wà níbẹ̀. Bárísítà tó gba ẹjọ́ mi rò jẹ́ ọmọ tí mo kọ́ ní girama. Ó kà á sí mi létí nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní Táíwò, ó ní, "Mà, ibi tí mo kà yìí nìkan tó láti yọ yín."

Bẹ́ẹ̀ ni, tí ẹjọ́ bá dé ibi tí wọn yóò ti bèèrè rẹ̀. Tèmi kò débẹ̀. Lónìí, olùpẹjọ́ kò wá. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹlẹ́rìí wà nírìn-àjò. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, májísíréètì lọ sí ìpàdé. Nígbà tó di oṣù kẹrin ọdún 2021, JUSUN, ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ kọ́ọ̀tù, daṣẹ́ sílẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà nítorí òmìnira owó ẹ̀ka ìdájọ́. Ohun tí wọ́n ń bèèrè tọ́ sí wọn, ṣùgbọ́n títí di oṣù kẹfà, àgádágodo ló wà lẹ́nu ọ̀nà kọ́ọ̀tù, ẹ̀sùn ọ̀daràn sì wà lọ́rùn mi. Nígbà tí wọ́n ṣí i, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi ìsúnsíwájú. Gbogbo ìgbà tí mo bá dúró síbi tí wọ́n ń dá ẹni tí a fẹ̀sùn kàn dúró sí, mo máa ń rí òbí ọmọ tí mo kọ́ rí láàárín èrò. Wọ́n á dọ̀bálẹ̀ tàbí kí wọ́n kúnlẹ̀ kí mi níta, wọn ò sì ní bèèrè ohun tí mo wá ṣe. Àìbèèrè wọn yẹn máa ń dùn mí ju ìbéèrè lọ.

Níkẹyìn, májísíréètì ní ó tó gẹ́ẹ́. Olùpẹjọ́ kò wá, ẹlẹ́rìí kò wá, ó wọ́gi lé ẹjọ́ náà.

Àwọn èèyàn ní kí n dúpẹ́, mo sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ìjọba ná owó àti àkókò lé lórí. Kò sẹ́ni tó sọ bóyá mo pe alága ní olè tàbí mi ò pè é. Kò sẹ́ni tó sọ bóyá owó tiransifọ́mà pé tàbí kò pé. Ìwé ìṣirò owó náà kò yọjú ní kọ́ọ̀tù, nítorí ẹjọ́ kò dé ibi tí wọn yóò ti ní kí wọ́n mú un wá. Èmi tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò gba ìdáláre, alága tó ń wá orúkọ rẹ̀ kò gba orúkọ. Kódà, orúkọ rẹ̀ burú sí i ni. Àwọn tí kò bìkítà nípa owó náà tẹ́lẹ̀ wá ń sọ pé kí ló dé tó fi ń fi ọlọ́pàá lé ìyá àgbà kiri, bí nǹkan kan kò bá sí níbẹ̀. Mi ò yọ̀ ọ́ lórí ìyẹn. Ọkùnrin náà ní ọmọ, ó ní àna, ó ní ìjọ tí wọ́n ti ń rí i. Bí owó náà bá pé lóòótọ́, ọ̀nà tó gbà lọ kò lè fi hàn ẹnikẹ́ni láé pé ó pé.

Ẹ má rò pé tèmi nìkan ni. Ní oṣù kejì ọdún 2023, májísíréètì kan ní Ìlọrin yìí dá oníròyìn méjì lẹ́bi ìbanilórúkọjẹ́ lórí ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní 2018 nípa iléeṣẹ́ kan, ó ní kí wọ́n ṣẹ̀wọ̀n oṣù díẹ̀ tàbí kí wọ́n san owó ìtanràn. Láti ọdún 2018 sí 2023, ẹ wo bó ṣe pẹ́ tó. Ọ̀rọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tún ní òfin tirẹ̀, Cybercrimes Act ti 2015, tí abala 24 rẹ̀ fẹ̀ débi pé ẹni tó bá bínú sí ọ̀rọ̀ rẹ lè fi mú ọ. Kọ́ọ̀tù ECOWAS sọ ní oṣù kẹta ọdún 2022 pé abala náà tako ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn láti sọ̀rọ̀, ó ní kí Nàìjíríà tún un ṣe. Wọ́n tún un ṣe ní 2024, ó sì dín kù díẹ̀. Penal Code tiwa kò yí padà.

Bẹ́ẹ̀, àwọn aládùúgbò wa ti yí tiwọn padà. Ghana ti fa ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn yìí tu kúrò nínú òfin wọn láti 2001. Sierra Leone ṣe é ní 2020. Kọ́ọ̀tù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ilẹ̀ Áfíríkà tó wà ní Arusha ní Tanzania sọ ní 2014, nínú ẹjọ́ olóòtú ìwé ìròyìn kan tí Burkina Faso jù sẹ́wọ̀n, pé ẹ̀wọ̀n kò tọ́ sí ọ̀rọ̀ ìbanilórúkọjẹ́. Àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, tí wọ́n wà nídìí òfin tiwa yìí, ti ju tiwọn nù: òfin tí wọ́n ṣe ní 2009 ló pa á rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2010. Àwọn tó gbé e wá ti gbé tiwọn jù sáàtàn, àwa ṣì ń fi í pe ìyá àgbà lẹ́jọ́.

Kí ọlọ́pàá jáde kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí: èyí dá mi lójú, mi ò rò pé mo tún máa yí èrò mi padà lórí rẹ̀. Ohun tó gba èrò lọ́wọ́ mi ni ìbéèrè tó tẹ̀ lé e. Tí ọlọ́pàá bá jáde, ta ló yẹ kó dá ẹjọ́ orúkọ?

Ọ̀gá lọ́yà kan tó ti dàgbà, tí a jọ máa ń jókòó sábẹ́ igi nígbà tí a bá ń retí májísíréètì, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ júrì fún mi. Júrì ni àwọn ará ìlú, méjìlá lọ́pọ̀ ìgbà, tí kì í ṣe amòfin, tí wọ́n ń jókòó ní kọ́ọ̀tù gbọ́ ẹ̀rí, tí wọ́n sì ń sọ bóyá èèyàn jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ó wà ní Èkó nígbà ayé àwọn òyìnbó. Kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní Àríwá, kò sì sí kọ́ọ̀tù kan ní Nàìjíríà tó ń lò ó lónìí.

Bàbá náà ní ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwé gan-an ni júrì fi gba iyì. Ó sọ ti ọdún 1670 ní London fún mi. Wọ́n mú William Penn àti ẹnìkejì rẹ̀ nítorí pé wọ́n wàásù ní gbangba. Júrì kọ̀ láti dá wọn lẹ́bi, àwọn adájọ́ bá tì wọ́n mọ́lé láìfún wọn lóúnjẹ, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Edward Bushell, kọ̀ láti san án, ẹjọ́ rẹ̀ ló sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ fìyà jẹ júrì nítorí ohun tí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ sọ. Ó sọ ti 1735 ní New York, tó ṣì wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Òǹtẹ̀wé kan, John Peter Zenger, tẹ ìwé ìròyìn tó bẹnu àtẹ́ lu gómìnà. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, òótọ́ kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Júrì kàn máa sọ bóyá òun ló tẹ̀ ẹ́ ni, adájọ́ ló máa sọ bóyá ó burú. Lọ́yà rẹ̀, Andrew Hamilton, gbà níwájú gbogbo èèyàn pé òun ló tẹ̀ ẹ́, ó wá kọjú sí júrì, ó ní kí wọ́n fúnra wọn wò ó bóyá irọ́ wà níbẹ̀. Wọ́n ní kò jẹ̀bi. Nígbà tó di 1792, ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di òfin pé júrì ni yóò dá gbogbo ẹjọ́ náà, kì í ṣe ìdajì rẹ̀.

Inú mi gbóná nígbà tí mo gbọ́ èyí. Mo ní, Olúwa, ká ní mo ní júrì! Ká ní èèyàn méjìlá láti Gaa Akanbi, Ìpátá, Ọjà Ọba àti Tanke ló jókòó, tí wọ́n ka ohun tí mo kọ! Wọ́n ti dá owó ẹgbẹ́ rí, wọ́n mọ bí a ṣe ń bèèrè owó ẹgbẹ́, wọ́n sì mọ ìyàtọ̀ láàárín ìyá tó ń béèrè ìṣirò àti ẹni tó ń pariwo olè.

Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyókù, ara mi sì silẹ̀. Ní 1960, New York Times, ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà, tẹ ìpolówó kan fún àwọn tó ń ti Martin Luther King lẹ́yìn, ẹni tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Àwọn àṣìṣe kéékèèké wà nínú rẹ̀. L. B. Sullivan, kọmíṣọ́nnà kan ní ìlú Montgomery ní Alabama, tí ìpolówó náà kò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, pe ìwé ìròyìn náà lẹ́jọ́. Júrì tí gbogbo wọn jẹ́ aláwọ̀ funfun ní kí wọ́n fún un ní 500,000 dọ́là. Ó di 1964 kí kọ́ọ̀tù tó ga jù ní Amẹ́ríkà tó fagi lé e. Ará ìlú ni júrì yẹn lóòótọ́, ohun tí ìlú náà kórìíra ni wọ́n sì dá lẹ́jọ́. Ní London, ní 1989, júrì ní kí àwọn méjì tó gbé ìwé jáde tó ba ọlọ́lá kan, Lord Aldington, lórúkọ jẹ́ san mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ pọ́n-ùn fún un. Kọ́ọ̀tù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù sọ ní 1995 pé ó ti pọ̀ jù. Ní 1987, júrì mìíràn fún Jeffrey Archer, òǹkọ̀wé tó tún jẹ́ olóṣèlú, ní 500,000 pọ́n-ùn. Ní 2001 ni Archer wá lọ sẹ́wọ̀n nítorí pé ó purọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá ṣe Defamation Act ní 2013. Láti oṣù kìíní ọdún 2014, adájọ́ nìkan ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, àyàfi tí kọ́ọ̀tù bá sọ pé kí júrì wà níbẹ̀. Òfin náà tún sọ pé ẹni tó bá pe ẹjọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà ṣe orúkọ òun léṣe gidi.

Àwọn ọmọ mi ló rán mi létí Johnny Depp, òṣèré fíìmù Amẹ́ríkà. Ìjà kan náà, ọ̀rọ̀ kan náà pé ó na ìyàwó rẹ̀. Ní London ní 2020, adájọ́ kan ṣoṣo kọ ìdájọ́ gígùn, ó ní púpọ̀ nínú ohun tí ìwé ìròyìn tí Depp pè lẹ́jọ́ kọ jẹ́ òótọ́. Ní Virginia ní Amẹ́ríkà ní 2022, níbi tó ti pe ìyàwó rẹ̀ àtijọ́ lẹ́jọ́, júrì èèyàn méje ní irọ́ ni, wọ́n sì fún Depp ní owó tó lé ní mílíọ̀nù 10 dọ́là. Ìdájọ́ adájọ́ wà nílẹ̀ kí a kà á, kí a sì rí ibi tó ti ronú. Júrì kò kọ ìdí kankan sílẹ̀. Mi ò mọ èyí tó tọ̀nà nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n mo mọ èyí tí mo lè bá jiyàn.

Ibi tí mo ti rí ìdáhùn tèmi kò sí ní London. Mo rí i nílùú àwọn bàbá mi ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí wọ́n ti máa ń pè mí sí ìgbìmọ̀ àgbà tí mo bá wálé, nítorí pé wọ́n ní ojú mi ti là.

Obìnrin méjì tó ń ta èlùbọ́ ní ọjà Àjàṣẹ́-Ìpo jà. Ọ̀kan sọ lójú àwọn oníbàárà pé kóńgò èkejì ti tẹ̀ wọnú nídìí, pé ó ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ. Láàárín ọjọ́ ọjà mélòó kan, èrò ti yẹra níwájú obìnrin náà. Ó sunkún wá sílé. Àwọn àgbà pe àwọn méjèèjì. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Bàbá tó ṣolórí ìjókòó náà béèrè ni pé, "Àwọn ta ló wà níbẹ̀? Ẹ pè wọ́n wá." Wọ́n bi àwọn tó gbọ́ ọ lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí ni ohun tí wọ́n gbọ́ ọ sí, ṣé àwàdà ọjà ni àbí ẹ̀sùn. Ìkejì, wọ́n ní kí wọ́n gbé kóńgò náà wá. Wọ́n fi kóńgò Ìyálọ́jà wọn èlùbọ́ kan náà níwájú gbogbo wa. Ó dọ́gba. Bàbá wá yíjú sí ẹni tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Ìyàwó wa, ibi tí o ti sọ ọ́ náà ni wàá ti kó o jẹ. Lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀, lójú àwọn oníbàárà." Ó lọ, Ìyálọ́jà sì tẹ̀ lé e. Èmi náà lọ. Ó dúró sí iwájú àtẹ obìnrin yẹn, ó ní irọ́ lòun pa. Ó tún ra èlùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Èrò padà.

Àwọn àgbà yẹn kò ka abala kankan, ṣùgbọ́n wọ́n béèrè gbogbo ohun tí kọ́ọ̀tù tèmi kò béèrè: ta ló gbọ́ ọ, kí ni wọ́n gbọ́ ọ sí, ṣé òótọ́ ni, kí la máa ṣe kí àwọn tó gbọ́ irọ́ lè gbọ́ òótọ́. Mo rò pé mo ti rí ohun tí mo ń wá.

Ìgbìmọ̀ kan náà ló tún já mi kulẹ̀. Obìnrin kan tó wá láti ìlú òkèèrè, tó ń ṣe agbẹ̀bí níbẹ̀, tí kò ní ẹbí kankan nílùú náà, wá sọ pé ìyàwó olówó kan pe òun ní àjẹ́ nílé ìbímọ. Ẹ mọ ohun tí orúkọ yẹn ń ṣe fún obìnrin. Aláboyún kankan kò jẹ́ kó súnmọ́ òun mọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú wa, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n pe àwọn tó gbọ́ ọ. Ọkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ ló kan páànù gbọ̀ngàn tí a jókòó sí. Wọ́n ní kí àlejò mú sùúrù, wọ́n ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Mo sọ̀rọ̀ títí ohùn mi fi há. Mo ní bí a ṣe ṣe ti èlùbọ́ ni kí a ṣe tèyí. Ìbò wọn ju tèmi lọ. Obìnrin náà kó ẹrù rẹ̀ kúrò nílùú kó tó di ọdún tuntun, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ ilé aṣòfin Kwara nìyí, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé Penal Code ti di òfin ìpínlẹ̀, tó sì wà níkàáwọ́ wọn láti tún ṣe. Kí wọ́n yọ abala 391 àti 392 kúrò, kí ọ̀rọ̀ orúkọ di ẹjọ́ ẹni sí ẹni pátápátá. Ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ẹni tó sọ̀rọ̀, kó ní kó tún un ṣe níbi tó ti sọ ọ́, ìbáà ṣe ọjà, rédíò tàbí WhatsApp. Tí èyí kò bá bọ́ sí i, kó lọ sí kọ́ọ̀tù gíga, kí adájọ́ sì jókòó pẹ̀lú ará ìlú mẹ́ta. Àwọn mẹ́ta wọ̀nyí kò ní dá gbogbo ẹjọ́. Ìbéèrè méjì ni kí wọ́n bi wọ́n, kí wọ́n sì dáhùn rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀: kí ni ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí máa gbọ́ ọ sí, ṣé ó sì ṣe orúkọ ẹni náà léṣe gidi láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n? Orúkọ èèyàn kò sí lọ́wọ́ ìjọba, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pe orúkọ náà ló wà, ẹnu wọn ló sì yẹ kí a ti gbọ́ bóyá ó bàjẹ́. Bí wọ́n bá ní kò bàjẹ́, ẹjọ́ parí níbẹ̀, ìyá àgbà ń lọ sílé. Bí wọ́n bá ní ó bàjẹ́, ó di ọwọ́ adájọ́: òótọ́ ni àbí irọ́, ṣé fún ire gbogbo èèyàn ni, èló ni owó gbà-má-bínú. Kí adájọ́ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí a lè kà á, kí a lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Owó kò gbọdọ̀ kan àwọn mẹ́ta rárá. Ohun tí júrì Aldington ṣe ti tó fún mi ní ẹ̀kọ́. Ọ̀rọ̀ bóyá òótọ́ ni náà kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, torí ti Sullivan àti ti obìnrin àlejò yẹn.

Bárísítà mi kò gbà pẹ̀lú mi. Ó ní adájọ́ Gẹ̀ẹ́sì ń dá ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ yìí fúnra rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ẹjọ́, kò sì pẹ́, kò sì gbówó. Ó ní, "Mà, níbo lẹ ti máa rí èèyàn mẹ́ta ní Ìlọrin yìí tí kò ní jẹ́ ẹbí ẹnìkan nínú wọn, tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà, tàbí mọ́sáláṣí kan náà?" Ọ̀rọ̀ gidi ni. Mo ní kí a fa orúkọ wọn yọ nínú ìwé olùdìbò láti ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn. Tí ẹjọ́ bá jẹ́ ti Ìlọrin, kí wọ́n mú wọn wá láti Ọ̀ffà tàbí Òmù-Àrán. Tó bá jẹ́ ti Òmù-Àrán, kí wọ́n mú wọn wá láti Ìlọrin. Ọ̀nà kò jìn, èdè wọn kò yàtọ̀ débi tí wọn ò ní gbọ́ra wọn. Ó ní ta ló máa sanwó ọkọ̀ wọn. Mo ní ìjọba tó sanwó ẹni tó rojọ́ mọ́ mi lẹ́sẹ̀ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun á kọ ọ́ sínú àbá òfin tí a jọ ń ṣe, ṣùgbọ́n òun á fi kún un pé kí àwọn tó ń ṣẹjọ́ ní ẹ̀tọ́ láti kọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn mẹ́ta náà tí wọ́n bá rí ìdí. Ìyẹn, mo gbà á. Ibi tí a ṣì ń fà á sí ni bóyá kí obìnrin kan ó kéré tán wà nínú àwọn mẹ́ta náà ní gbogbo ìgbà. Òun ní kò pọn dandan. Mo ní tí kò bá ti sí níbẹ̀, mi ò fọwọ́ sí i.